Sáfà Tó Ń Kú Lójijì: Ẹ Wo Gígùn Ìsọfúnni Tó Wọlé

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Tanke níbí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sáfà (ètò tó ń gba ìsọfúnni lọ́wọ́ àwọn ẹ̀rọ mìíràn) tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà C tàbí C++ kọ la fẹ́ yẹ̀ wò, èyí tó ń ṣiṣẹ́ geere tí ìsọfúnni kan ṣoṣo sì pa á.

Ká ní sáfà kan wà n'Ílọrin tó ń gba iye òjò tó rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó wà l'Ọ́fà àti Òmù-Àrán. Báìtì méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ bí gbogbo ìsọfúnni náà ṣe gùn tó, méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ irú èyí tó jẹ́. Kóòdù á yọ 4 kúrò nínú gígùn yẹn, á sì fi memcpy, àṣẹ tó ń da báìtì láti ibì kan sí ibòmíràn nínú mẹ́mórì, da ìyókù sínú àyè 256 báìtì. Tí ẹnì kan bá wá kọ 2 síbẹ̀ ńkọ́? size_t, irú nọ́ńbà tí C fi ń ka iye báìtì, kò mọ nọ́ńbà tó kéré sí òdo, nítorí náà 2 dín 4 di 18446744073709551614 lórí ẹ̀rọ 64-bit. memcpy á máa dà á lọ títí á fi kan ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà náà á sì fi sígínà 11 (àmì pé ètò fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀) pa sáfà.

Ìyẹn ṣì dáa, ojú ẹsẹ̀ ló kú. Tó bá jẹ́ 300 ló kọ síbẹ̀ ló burú jù: báìtì 296 wọ àyè 256, 40 sì ṣàn kọjá ààlà. Bí ẹni tó mọ odi wọnú ilẹ̀ aládùúgbò ni. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá dé ni ìjà ń bẹ́. Àkọsílẹ̀ tí malloc, tó ń pín mẹ́mórì fún ètò, fi ń tọ́jú àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bà jẹ́, sáfà ò sì tíì mọ̀. Nígbà tí malloc bá fẹ́ gé àyè tuntun fún iṣẹ́ mìíràn pátápátá, ẹ lè wá rí "malloc(): corrupted top size" àti sígínà 6 (ètò fúnra rẹ̀ ló dá ara rẹ̀ dúró). Ìlà kóòdù tí gdb, irinṣẹ́ tá a fi ń wá àṣìṣe, nàka sí lè máà mọwọ́mẹsẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn tún sáfà tàn kẹ́ ẹ sì máa lọ. Ẹ fi tcpdump -w, tó ń gba ìsọfúnni orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, pa ohun tó ń wọlé mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, ẹ fi -g -fsanitize=address, tó ń mú kí ètò máa ṣọ́ bó ṣe ń lo mẹ́mórì, tún kóòdù náà kọ́. Ẹ fi Wireshark, tó ń ṣí ohun tí tcpdump pa mọ́, yọ báìtì ìsọfúnni ọ̀hún sínú fáìlì, kẹ́ ẹ fi nc, tó ń rán fáìlì gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rán an sí sáfà ìdánwò náà. "WRITE of size 296" máa jáde pẹ̀lú ìlà tó jẹ̀bi gan-an. -fsanitize=address yìí máa ń mú kí sáfà falẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ẹ má gbé e síwájú àwọn oníbàárà.

Àtúnṣe rẹ̀ ò gùn: bí gígùn bá kéré sí 4, tàbí ó ju 260 lọ, ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ tún fi wé iye báìtì tó dé ní tòótọ́. Ohun tí OpenSSL (ètò tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) 1.0.1 títí dé 1.0.1f kò ṣe nìyẹn, tó fa àléébù Heartbleed tí wọ́n tú síta lọ́dún 2014: sáfà ò kú, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan lè kó nǹkan bí 64 kílóbáìtì mẹ́mórì jáde, ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn èèyàn nínú rẹ̀.

Lórí TCP, ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà rán báìtì sí ara wọn tẹ̀ léra, ìdajì ìsọfúnni lè kọ́kọ́ dé. Ẹ dúró de ìyókù. Ṣùgbọ́n tí gígùn fúnra rẹ̀ bá ti jẹ́ irọ́, ẹ kọ àdírẹ́sì IP tó ti wá sílẹ̀, kẹ́ ẹ ti ìsopọ̀ náà pa, torí sáfà ò lè mọ ibi tí ìsọfúnni tó kàn ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.