Bí Ẹ̀rọ AI Ṣe Ń Díwọ̀n Ewu ní Báǹkì, àti Ohun Tí Kò Mọ̀ Nípa Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin akápò ẹgbẹ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ kú ìjókòó o.

Kò sí báǹkì tó lè sá fún ewu: owó tí Lágbájá fi pamọ́ ni wọ́n ń yá Làmọ́rín. Tẹ́lẹ̀, máníjà ló ń yẹ ẹni tó wá yáwó wò, tó ń béèrè oníduró àti ohun ìdógò. Ti jìbìtì náà, wọ́n á ti pààlà sí i: owó tó bá ju iye báyìí lọ, ẹ dá a dúró ná. Ẹ̀rọ AI kì í dúró de irú òfin bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ló ń kà, tó fi mọ ìṣe oníbàárà: aago tó sábà ń sanwó, fóònù tó ń lò, ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ sí. Bí nǹkan bá yàtọ̀ lójijì, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dá owó náà dúró. Mo fara mọ́ ọn, torí àwọn gbájúẹ̀ náà ti ń lo AI. Ní 2024 la gbọ́ pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Arup kan ní Hong Kong san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là, torí pé ó rí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú ìpàdé orí fídíò. AI ni àwọn gbájúẹ̀ fi ṣe ojú àti ohùn àwọn ọ̀gá náà.

Ẹ wá wo akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gbà, nígbà tí Ojúde Ọba bá ku díẹ̀. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ jáde lọ bá ẹni tó ń ta aṣọ òkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkáǹtì tí àwọn oníjìbìtì ń gbowó sí ṣe ń rí lójú ẹ̀rọ! Ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba, Iléyá a sì máa fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá ju ti èṣí lọ. Ẹ̀rọ tó há oṣù tó bọ́ sí léṣìí sórí máa ṣì í mú. Òṣìṣẹ́ báǹkì tó mọ ìlú ló yẹ kó láṣẹ láti tú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ti owó yíyá ló dùn mí jù. Ìyá tó ń ta obì ní Ṣágámù, owó ọwọ́ ló ń ná. Ẹ̀rọ wo àkáǹtì rẹ̀, kò rí nǹkan kan, ó bá pè é ní eléwu. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí ló kọ́kọ́ kó èsúsú, tó sì ń dá a lọ láìyẹ̀ títí gbogbo ẹgbẹ́ fi kó tiwọn. Kí ni à ń pè ní yíyáwó ká sì san án, bí kì í bá ṣe ìyẹn?

Òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti 2023, abala 37, kò fẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀. Ó yọ àwọn àyè kan sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ àdéhùn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, oníbàárà lè ní kí èèyàn dá sí i, kí òun sọ tẹnu òun, kí òun sì ta ko ìpinnu náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ ló kọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n pe ẹni tó máa tún un wò. Ẹ mú ìwé èsúsú yín dání lọ.