Ẹ̀wà Tí Kòkòrò Ò Rí Jẹ: Ọ̀rọ̀ Àpò Onípele Mẹ́ta

Ẹ wo ẹ̀wà kan ṣoṣo yìí lórí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ẹ rí ihò róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Kì í ṣe ibẹ̀ ni kòkòrò gbà wọlé o. Ibẹ̀ ló gbà jáde. Nígbà tí ojú yín bá máa fi rí ihò yẹn, kòkòrò ti jẹun yó nínú ẹ̀wà, ó ti dàgbà, ó ti ń wá ibi tí yóò yé ẹyin tirẹ̀ sí.

Gbogbo wa tí wọ́n ti gbé àtẹ ẹ̀wà fún rí pé ká ṣà la mọ ihò yìí. Ìyá tó ta ẹ̀wà la sì máa ń bínú sí. Ṣùgbọ́n oko lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀wà ṣì ń gbẹ nínú èèpo rẹ̀, tí àgbẹ̀ ò tíì kórè, abo kòkòrò ti wá lẹ ẹyin mọ́ ọn lára. Ẹyin náà kéré débi pé ojú máa ń fò ó. Àgbẹ̀ pa ẹ̀wà, ó fẹ́ ẹ, ó rọ ọ́ sápò, ó rò pé ó mọ́. Bí oṣù kan bá fi máa pé, àwọn ọmọ ti jáde, abo kọ̀ọ̀kan sì lè yé ẹyin bí ọgọ́rùn-ún. Ẹ bá mi ṣírò oṣù mẹ́rin. Ìyẹ̀fun ni èèyàn máa bá nísàlẹ̀ àpò.

Nàìjíríà tiwa yìí ló ń gbin irú ẹ̀wà yìí jù lọ ní àgbáyé, àwa náà la sì ń jẹ ẹ́ jù. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Òun la fi ń ṣe àkàrà àárọ̀ Sátidé, òun ló wà nínú mọ́ínmọ́ín, òun ni gbẹ̀gìrì tí wọ́n ń bù lé àmàlà n'Íbàdàn.

Ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, àgbẹ̀ kórè. Gbogbo èèyàn kórè lẹ́ẹ̀kan náà, ọjà kún, owó ẹ̀wà já wálẹ̀. Àgbẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá lè fi pamọ́ di ìgbà òjò, owó rẹ̀ á gòkè. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé kòkòrò ò ní jẹ́ kó di ìgbà yẹn. Nítorí náà, ó tà á lọ́pọ̀. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà, òun fúnra rẹ̀ á lọ ra ẹ̀wà lọ́wọ́ńgógó fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti jẹ.

Lójú tèmi, àdánù méjì nìyẹn. Ọ̀kan ni ẹ̀wà tí kòkòrò jẹ. Èkejì ni owó tí ẹ̀rù kòkòrò jẹ, ìyẹn ò sì hàn nínú àpò kankan.

Kí wá ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ àti oníṣòwò ń ṣe? Wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí i. Dichlorvos ni orúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, EU, fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn yìí. Mílígíráàmù 0.01 oògùn náà nínú kílò ẹ̀wà kan ni wọ́n lè fàyè gbà; ẹ̀wà mìíràn tí wọ́n yẹ̀ wò ní tó 4.6. Ìyẹn lé ní ìlọ́po 400! Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré 100ml oògùn náà. Mi ò sì lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi tán. Ẹni tó rí iṣẹ́ ọdún kan tó ń di ìyẹ̀fun lójú rẹ̀, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló máa gbá mú.

Ó dáa. Ẹ wo àpò yìí.

[A gbé àpò sójú. A fa ọ̀rá inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.]

Ọ̀rá kan nìyí, ó nípọn ju ọ̀rá ọjà lọ. Ọ̀rá kejì nìyí, tó yí ti àkọ́kọ́ ká. Àpò tí wọ́n hun bí àpò ìrẹsì ló wà níta, tó ń dáàbò bo àwọn méjèèjì. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. PICS lorúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá so ó pa, afẹ́fẹ́ tuntun ò lè wọlé mọ́. Àwọn kòkòrò tó wà nínú ẹ̀wà á máa mí, wọ́n á máa lo ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Wọn ò ní lè jẹun mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òùngbẹ ló ń pa wọ́n. Kòkòrò yìí kì í mu omi. Inú oúnjẹ tó jẹ àti ọ́síjìn tó mí ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi. Gba ọ́síjìn lọ́wọ́ rẹ̀, omi tán nìyẹn, ó gbẹ kú síbẹ̀. Ẹ̀wà náà ò kú ní tiẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín lẹ́yìn náà, á hù.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti mọ èyí o. Larry Murdock, onímọ̀ nípa kòkòrò ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà, àti àwọn olùwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kamẹrúùnù ló jọ ṣe é, pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nǹkan bí ogún ọdún kọjá, ibi díẹ̀ ni àpò náà dé. Kí ló dé?

Ẹ wò ó bí ó ṣe há. Yunifásítì ò ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá ò ní tan ẹ̀rọ nítorí àpò tí ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ò ní fowó ra ohun tí kò dá a lójú pé yóò tà. Àgbẹ̀ ò ní béèrè ohun tí kò rí rí. Òṣìṣẹ́ ADP, ìyẹn àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń dá àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́, tó lè lọ fi han àgbẹ̀, nígbà mìíràn kò ní owó epo tí yóò fi gun ọ̀kadà dé abúlé. Olúkúlùkù ń wo ẹnì kejì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ní 2007 ni Bill and Melinda Gates Foundation fowó sí i, pé kí wọ́n gbé e dé orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ní ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Purdue bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ pẹ̀lú IITA, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí olú iṣẹ́ rẹ̀ wà n'Íbàdàn níbí, pẹ̀lú INRAN, àjọ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Niger, pẹ̀lú World Vision, àjọ aláàánú kan, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dá àgbẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Lela Agro bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpò náà. Wọ́n tún gbé e sórí rédíò.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣí ojú àwọn èèyàn jù ni ọjọ́ tí wọ́n ń tú àpò. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: lẹ́yìn ìkórè, wọ́n á rọ ẹ̀wà sínú àpò lójú gbogbo abúlé, ẹ̀wà àwọn ará abúlé gan-an, èyí tí kòkòrò ti wà lára rẹ̀. Wọ́n á so ó, wọ́n á gbé e pamọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n fọkàn tán. Oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, gbogbo èèyàn á tún pé jọ, wọ́n á tú u. Èèyàn á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á bu ẹ̀wà, á gbé e sójú oòrùn. Kò sí ìyẹ̀fun. Ibi tí ẹ̀wà dé nínú àpò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ náà ló wà. Láti ọjọ́ yẹn ni àgbẹ̀ á ti máa béèrè pé níbo ni wọ́n ti ń tà á. Ìbéèrè yẹn ni oníṣọ́ọ̀bù ń dúró dè.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àpò náà ń ṣiṣẹ́ fún àgbàdo àti ọ̀pọ̀ hóró mìíràn. Lẹ́tà C tó wà nínú PICS, tó dúró fún "cowpea", ìyẹn ẹ̀wà, ni wọ́n bá yí padà kó dúró fún "crop", ìyẹn irè oko.

Ẹ jẹ́ ká so ó pọ̀ báyìí. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná: hóró tí kò gbẹ ò gbọdọ̀ wọ àpò yìí. Yóò bu ni. Ẹ fi eyín gé ẹ̀wà kan. Bó bá ró, tó sì fọ́, ó ti gbẹ. Bí ó bá rọ̀ lẹ́nu, ẹ dá a padà sóòrùn. Ti àgbàdo gba ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí. Ẹ bu àgbàdo díẹ̀ sí i, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan lé e, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo yẹn.

Bó bá ti gbẹ, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá àkọ́kọ́. Ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọ̀rá ṣẹ́ kù dáadáa, ẹ lọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ, ẹ ká a sí méjì, ẹ fi okùn so ó le. Ẹ ṣe ọ̀rá kejì bẹ́ẹ̀, kí ẹ tó ṣe àpò ìta. Orí pákó ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó jìnnà sí ògiri àti eku, torí ihò kan ṣoṣo tí eku bá dá lu ọ̀rá ti bà á jẹ́. Kẹ́ ẹ sì má máa tú u lójoojúmọ́ láti bu ẹ̀wà ọbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa jẹ láìpẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ohun kan tó ń dùn mí ni àpò ọ̀fẹ́. Bí àjọ kan bá kó o wá fún àgbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún kan, ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tó ti rà á fún títà ni gbogbo rẹ̀ á kú sí. Kò tún ní rà á mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àjọ ò wá, ṣọ́ọ̀bù ò ní, àgbẹ̀ á sì padà sídìí dichlorvos. Kí àjọ tó fẹ́ ṣe àgbẹ̀ lóore kọ́kọ́ lọ bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀. Kí wọ́n san díẹ̀ lára owó àpò, kí àgbẹ̀ sì lọ gbà á ní ṣọ́ọ̀bù, kó mọ̀nà ibẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì ti lo tiyín lọ́dún yìí, ẹ má jù ú nù. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ gbé etí sí i. Èyí tí ò bá jò, ẹ ká a, ẹ fi pamọ́ di ìkórè tó ń bọ̀.