Orin Nìkan Ò Tó: Ìdána Orí Ìtàgé

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa. Bí àwọn aláṣẹ bá fẹ́ kí ará ìlú yí ìwà kan padà, wọ́n sábà máa ń sanwó fún olórin, kó kọ orin ìṣẹ́jú kan fún rédíò. Orin á dùn. A ó jó o. Ìwà ò ní kúrò níbi tó wà. Olórin nìkan ló jókòó kọ ọ́: nọ́ọ̀sì ò sí níbẹ̀, amòfin ò sí níbẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń dùn gan-an ò sí níbẹ̀. Lónìí, àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ṣáájú ìgbéyàwó, èyí tó ń fi hàn bóyá àfẹ́sọ́nà méjì lè bí ọmọ tó ní àrùn sickle cell, ni mo fẹ́ ká fi ṣe eré.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwa Ìjẹ̀bú pé eré lágbára. Hubert Ògúnńdé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n bí lọ́dún 1916, ti ṣe ọlọ́pàá rí kó tó sọ eré di iṣẹ́. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 1945, ó gbé ìyà wọn sórí ìtàgé nínú Strike and Hunger. Ní 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Enugu. Nígbà tó fi máa di 1950, Ògúnńdé ti fi ṣe eré. Ní 1964 ó ṣe Yorùbá Ronú. Inú bí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò agbègbè wọn, ó sì di 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, kí òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìjọba kì í fòfin de ohun tí kò bá ta wọ́n lára.

Àmọ́ lọ́dọ̀ Ògúnńdé, òṣèré ló ń sọ̀rọ̀, olùwòran ń gbọ́. Augusto Boal, olùdarí eré ará Brazil, yí i padà. Bí eré bá dé ibi tó le jù, a dá a dúró. Olùwòran á gorí ìtàgé, á gba ipò ẹni tó wà nínú ìṣòro, á ṣe ohun tí òun ìbá ṣe. Ní 1992 wọ́n dìbò yan Boal sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro. Ó wá kó àwọn amòfin mọ́ra, wọ́n ń sọ ohun tí ará ìlú ṣe lórí ìtàgé di àbádòfin. 13 nínú wọn ló di òfin.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan ló jẹ́ AS: kò ní àrùn sickle cell fúnra rẹ̀, àmọ́ ó gbé àbùdá rẹ̀ tó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ta ni ò tíì gbọ́ nípa jẹ́nótáìpù? Síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ti sanwó gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti pín aṣọ ẹbí tán, ni ọ̀pọ̀ ń rántí àyẹ̀wò.

Nítorí náà, ìdána ni ká fi ṣe eré. Kì í ṣe ìdána gidi o, ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ìdána orí ìtàgé, níbi ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tàbí ti ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ẹ má wá òṣèré lọ jìnnà: ẹ̀rín, orin àti ẹ̀bẹ̀ ni alága ìdúró àti alága ìjókòó fi ń jẹun. Ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ láàbù láti Ṣágámù, kó jókòó tì yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ẹ pe ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà, pẹ̀lú, nítorí mo ti rí eré tó sọ irú wọn di ẹni tí a ń ṣàánú lásán. Kò dára rárá.

Nínú ẹrù ìdána, obì àbàtà aláwẹ́ mẹ́rin wà. Awẹ́ mẹ́rin yìí ló dúró fún ọmọ tí bàbá AS àti ìyá AS lè bí. Ẹ fi ẹfun kun awẹ́ kan: AA nìyẹn, ọmọ tí kò gbé àbùdá àrùn náà rárá. Ẹ fi osùn kun òmíràn: SS. Ẹ fi méjì tó kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: AS. Ẹ kó wọn sínú àpò, kí ìyá ìyàwó fọwọ́ mú ọ̀kan láìwò. Oyún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ibí yìí ló gba ìfarabalẹ̀: kó dá awẹ́ náà padà sínú àpò kó tó mú òmíràn. Ọ̀pọ̀ rò pé bí AS àti AS bá ti bí SS kan, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Irọ́ ni. Gbogbo oyún ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí awẹ́ mẹ́rin, ẹlòmíràn sì lè fa olósùn lẹ́ẹ̀mejì léra.

Lẹ́yìn náà ni ìwé àyẹ̀wò á dé: AS àti AS. Ẹ dá eré dúró. Kí alága béèrè pé, "Ta ló máa gba ipò ìyá?" Ẹ má dá ẹni tó bá jáde lẹ́kun, kódà bó bá ní kí wọ́n máa fẹ́ra wọn lọ, nọ́ọ̀sì á dá a lóhùn.

Ẹ má fi àtẹ́wọ́ díwọ̀n iṣẹ́ yín. Ẹ bi láàbù àdúgbò léèrè iye àfẹ́sọ́nà tó ṣàyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta ṣáájú eré, kí ẹ tún bi wọ́n ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye náà ò bá sún, ẹ tún eré kọ.