Ṣé Ọkàn Lè Mọ Rere àti Búburú Láìdúró De Àlàyé?

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀dọ́ Kàbbà, ọ̀kun o. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Láyé àwọn bàbá wa, àgbẹ̀ á kó iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, á to òkúta tó ń sọ iye rẹ̀ sídìí, á sì bá tirẹ̀ lọ sóko. Ẹni tó bá rà á á fi owó síbẹ̀. Ká ní ẹnì kan wá gbé iṣu láìsan kọ́bọ̀. Ta ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún yín pé kò dára? Ojú ẹsẹ̀ lẹ ti mọ̀. Ohun tí mo pè ní ìmọ̀ inú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé ìmọ̀ ni lóòótọ́, àbí ẹ̀kọ́ ilé ló kàn ń dún nínú wa?

Onímọ̀ ọgbọ́n orí kan, ọmọ ilẹ̀ Scotland, W. D. Ross, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1930. Ó ní àwọn ojúṣe kan hàn kedere fún ẹni tí òye rẹ̀ ti gbó, tó sì fara balẹ̀ wò ó: ká mú ìlérí ṣẹ, ká mọ oore, ká má ṣe ẹlòmíì níbi. Kò sọ pé a bí wọn mọ́ wa o. Bí ojúṣe méjì bá sì forí gbárí, ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí ìyá tí ebi fẹ́ pa ọmọ rẹ̀ bá mú iṣu yẹn ńkọ́? Èrò nìkan la lè gbé kalẹ̀ níbẹ̀.

Àtakò tó le jù lọ, ilé wa níbí ló wà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà kó àwọn èèyàn Yàgbà, Búnú, Ìjùmú àti Òwé lẹ́rú, kí iléeṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, Royal Niger Company, tó ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Tápà, ní 1897. Ká má purọ́, Yorùbá náà ra ẹrú, wọ́n sì tà á. Bí ọkàn bá mọ òtítọ́, kí ló dé tí ọkàn àwọn tó ń jẹ èrè rẹ̀ kò dá wọn lẹ́kun?

Èsì mi rèé. Bí àìsàn bá pa ọmọ, ìyá á sunkún. Bí wọ́n bá jí i gbé, á sunkún, á sì tún dá ẹnì kan lẹ́bi. Ìrora nìkan kọ́ ló wà nínú ẹkún kejì. Ìdájọ́ wà níbẹ̀. Olówó ẹrú fúnra rẹ̀ á dá irú ẹjọ́ kan náà tí wọ́n bá mú ọmọ tirẹ̀. Àárín ìlú tí wọ́n ti ń lo ẹrú gan-an ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé, “Ẹrú kú, ìyá ẹ̀ ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta. Ẹrú ti ṣe ọmọ nílé ìyá rẹ̀ rí.” Wọ́n mọ̀. Èrè ni kò jẹ́ kí wọ́n na ìmọ̀ yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ibí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Ross. Ohun tó dá àwọn olóye àti ọ̀mọ̀wé lójú ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Èmi ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ká kọ́kọ́ bi.

Ọ̀dọ́ kan bi mí pé tí ìmọ̀ inú èèyàn méjì bá tako ara wọn ńkọ́? Mo ní ká wo ẹni tó ń jèrè níbẹ̀, ká gbọ́ tẹnu ẹni tó ń jìyà, kí àwọn méjèèjì sì fi ara wọn sípò ara wọn. Bí wọn ò bá tíì fẹnu kò lẹ́yìn èyí, mo gbà pé a ò tíì mọ̀ ọ́n.