Ẹ̀rọ Wo Ni Kí Owó Ìjọba Bá Yín Rà? Fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Gàrí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ń ṣe gàrí, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òdògbólú, láti Ìpẹru dé Ìsarà. Owó tí ìjọba ń yọ sílẹ̀ kí oníṣẹ́ kékeré lè fi ra ẹ̀rọ ìgbàlódé ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tọ́ sí owó yìí ni kì í rí i gbà, nítorí pé ìgbà tí rédíò bá kéde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú ohun tí wọ́n máa fi rà. Ẹni tó ti mọ ibi tí iṣẹ́ òun ti ń há, tó mọ ẹ̀rọ tó máa tú u, tí ìwé rẹ̀ sì ti pé, irú wọn ni owó ń bá nílé.

Nítorí náà, inú àgbàlá iṣẹ́ yín la ó ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ agbada. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: ẹ̀gẹ́ mélòó ló wọlé, wákàtí mélòó ni bíbó gbà, mélòó ni rírin, mélòó ni fífún omi, mélòó ni yíyan. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi kílò 200 sí 250 gàrí. Bí tiyín bá kéré sí èyí, ẹ wá ibi tó ń bá lọ kí ẹ tó wá owó: bóyá èèpo tí wọ́n ń bó nípọn jù, tàbí ẹ̀gẹ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ jù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Àkókò kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ gé kúrú. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń wà nínú àpò fún ọjọ́ 3 sí 5 kó tó kan dáadáa. Kíkan yẹn ni oníbàárà ń sanwó fún, ó sì wà lára ohun tó ń lé májèlé ẹ̀gẹ́ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí láàárín ọjọ́ kan fún yín, gàrí lè jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gàrí Ìjẹ̀bú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ríra ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ tó tóbi. Òun ni ojú gbogbo wa mọ̀, òun la sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ bá ń rin tọ́ọ̀nù kan láàárín wákàtí kan, tí agbada 2 kò sì lè yan án tán ní ọjọ́ 2, ẹ̀rọ ńlá yóò kàn sọ òkìtì di òkè ni. Lójú tiwa, ibi tí ó yẹ kí ọ̀pọ̀ yín kọ́kọ́ fi owó sí ni fífún omi. Òkúta tí a gbé lé àpò kò tẹ̀ ẹ́ tó, omi ṣì ń kù nínú rẹ̀, igi ìdáná ló sì máa ń lé ìyókù. Férémù irin tó lágbára tí a fi jáàkì sí yóò fún omi náà jáde kó tó dé orí iná. Yíyan á yá, igi á dín kù, èéfín tí ẹ ń fà símú náà á dín kù. Owó rẹ̀ kò sì tó ti agbada onígáàsì.

Ẹ wo irin tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ yín dáadáa. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan máa ń jẹ irin lásán. Irin á dógùn-ún, ògùn-ún á wọ inú gàrí, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣú. Gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ bá ti kan, kí ó jẹ́ stainless, irin tí kì í dógùn-ún. Férémù tó gbé e dúró lè jẹ́ irin lásán, kí owó má bàa pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ iná ń kọ́? Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ onífésì 3, tí wáyà tó wọ ilé yín sì jẹ́ fésì 1, ẹ ti ra ohun ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Agbára mọ́tò hp 5 jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 3.7 bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ń gbéra, ó máa ń fa iná ìlọ́po mélòó kan. Ìdí rèé tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tó dà bí ẹni pé ó tó kì í lè gbé e. Ẹ bi oníná léèrè kí ẹ tó bi wẹ́lídà.

Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà ní Oshòdì l'Ékòó tó ń jẹ́ FIIRO. Láti 1956 ló ti wà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gàrí. Wọ́n ń dáni lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ dé ibẹ̀ kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ó wá kan ìwé. Ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà owó-orí, ẹ ṣí àkáǹtì ní orúkọ òwò náà. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SMEDAN, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ kékeré, kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní SUIN. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó ń ṣe àwọn ìyá wa ní jàǹbá jù ni orúkọ: orúkọ ọkọ wà lórí NIN, orúkọ bàbá wà lórí BVN. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, yóò kàn yọ orúkọ náà dànù. Ẹ lọ tún un ṣe nísinsìnyí tí kò sí ìkéde kankan, nítorí àtúnṣe yẹn máa ń gba àkókò.

Èkejì ni owó tí kì í dé báńkì. Ẹ ta gàrí lọ́jà Òkè-Àjẹ, owó wọ àpò, láti àpò ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n ìwé àkáǹtì yín yóò sọ pé ẹ kì í ta nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí owó gba inú àkáǹtì kọjá, kódà bí ẹ máa gbà á jáde lọ́la, fún oṣù 6 ó kéré tán.

Kí ẹ lè mọ bí owó wọ̀nyí ṣe ń rí, ẹ wo ètò tí Ààrẹ Tinubu kéde ní oṣù keje 2023, tí Bank of Industry, BOI, báńkì ìjọba tó ń yá oníṣẹ́ lówó, sì bójú tó. Wọ́n ní àwọn oníṣẹ́ tó kéré jù máa gba ìrànwọ́ ₦50,000 nígbà náà, ènìyàn 1,300 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìjọba ìbílẹ̀ 9 ni Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní, ìyẹn jẹ́ ènìyàn 11,700 lápapọ̀. Owó yẹn kò lè ra ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó lè ra asẹ́ àti àpò. Ti ẹ̀rọ ni ẹ̀yáwó tó lè tó ₦1,000,000, pẹ̀lú èlé 9 nínú 100 lọ́dún, fún oṣù 36.

Bí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan: ṣé orí gbèsè tó kù ni ẹ ó ti máa ka èlé, àbí orí gbogbo owó tí mo yá? Bó bá jẹ́ orí èyí tó kù, nǹkan bíi ₦31,800 ni ẹ ó máa san lóṣù. Bó bá jẹ́ orí gbogbo rẹ̀, ó di nǹkan bíi ₦35,300. Lẹ́yìn ọdún 3, ìyàtọ̀ rẹ̀ ju ₦120,000 lọ. Ẹ wá ṣí ìwé kékeré yẹn: ṣé èrè tí ẹ̀rọ náà máa fi kún ti oṣù kan ju owó yìí lọ? Bí kò bá jù ú, ẹ má yá a.

Bí BOI bá yáni lówó ẹ̀rọ, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń sanwó fún tààrà. Nítorí náà, kí wẹ́lídà tí ẹ máa mú ní ìwé CAC àti àkáǹtì tirẹ̀. Kí ìwé iye owó rẹ̀ sọ irú irin, agbára mọ́tò, owó ọkọ̀, owó kíkàn án mọ́lẹ̀ àti ti àwọn ẹ̀yà tó tètè ń jẹ. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, àpò yín ló ń bọ̀ wá bá. Ẹ sì fi owó ẹ̀gẹ́ pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rọ tuntun kì í jẹ afẹ́fẹ́.

Bí owó náà bá wúwo fún ẹnì kan, àwọn mélòó kan lè dá ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹgbẹ́ náà ra jáàkì àti férémù kan. Ẹ fi iye kan lé orí àpò kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fún, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ fún àtúnṣe nìkan. Ibi tí ẹ̀rọ ẹgbẹ́ sábà máa ń kú sí ni ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ bàjẹ́, tí kò sí ẹni tó mọ ẹni tó máa sanwó.



Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù kó tó bá yín gba owó ìjọba, tàbí tó ń béèrè PIN yín tàbí nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín, olè ni. Ẹ gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Bí ẹ̀rọ bá sì ti parí, ẹ gbé àpò ẹ̀gẹ́ kan lọ sí ọgbà wẹ́lídà, kó ṣiṣẹ́ lójú yín títí àpò yẹn fi tán, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé pé ẹ ti gbà á.