Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Tí Tíkẹ́ẹ̀tì Kùtọ̀nú Máa Ná Wa Gan-an

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo fídíò yìí. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ni mò ń ṣe, ìbéèrè tí àwọn oníbàárà sì máa ń bi mí jù ni bóyá kí wọ́n lọ wọkọ̀ ní Kùtọ̀nú tàbí ní Accra, nítorí pé tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ dínwó ju ti Èkó lọ. Ẹ mú bébà àti bírò, kí a jọ ṣírò rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé yín ní Ìkẹjà títí dé Lọ́ńdọ̀nù, kí ẹ sì tún padà wọlé.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ kọ owó tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì sílẹ̀, àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú iye ẹrù kan náà, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ kan náà ni ẹ yẹ méjèèjì wò. Ìyàtọ̀ àárín wọn kì í dúró lójú kan. Ní 2022 àti 2023, nígbà tí owó àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè há sí Nàìjíríà, tí wọn kò rí dọ́là kó jáde, àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó di ohun àwátì ní Èkó, ìyẹn ló sì sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di èrò Kùtọ̀nú. Ní oṣù kẹta 2024, Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí pápákọ̀ Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù, ọjà sì yí padà. Ẹ má ṣe fi iye tí ará àdúgbò san nígbà náà ṣe ìṣirò ti òní. Bí wọ́n bá kọ owó náà ní sẹ́fà, ìyẹn owó tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, iye tí àwọn tó ń ṣẹ́ owó máa gbà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe iye tí Google gbé jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: ká ní ti Èkó jẹ́ ₦1,900,000, kí ti Kùtọ̀nú jẹ́ ₦1,600,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000.

Ó kan ọ̀nà, ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń jò. Láti Èkó dé Kùtọ̀nú jẹ́ nǹkan bí 120 kìlómítà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ láti Mile 2 títí kọjá Agbára, tó sì mọ iye ibi tí àwọn agbófinró ti ń dá ọkọ̀ dúró kí a tó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kò ní fi kìlómítà díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbéra nílé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ máa fò. Ẹ sùn sí Kùtọ̀nú mọ́jú, kí ẹ sì kọ owó òtẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀. Ní ẹnubodè, ẹ rí i dájú pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà sínú pásípọ́ọ̀tù yín, kí wọ́n sì lu ti ìwọlé Bẹ̀nẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí ojú ewé náà, kí ẹ ka déètì ara rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ náà. Bí awakọ̀ bá ní òun mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà tí ẹ kò ní sọ̀kalẹ̀, ẹ má gbà fún un, nítorí pé ní pápákọ̀ òfurufú Cadjehoun, wọ́n lè bi yín bí ẹ ṣe wọ ìlú. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú dání pẹ̀lú.

Àbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà. Bí ọkọ̀ òfurufú yín bá balẹ̀ ní Kùtọ̀nú lálẹ́, kò yẹ kí ẹ máa gbé àpótí ńláńlá gba Sẹ̀mẹ̀ lóru, nítorí náà ẹ ó tún sùn níbẹ̀. Ẹ wo bébà mi: ọkọ̀ tí a háyà ní àlọ àti àbọ̀, ₦170,000, òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì, ₦90,000, oúnjẹ àti ìnáwó ojú ọ̀nà, ₦20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦280,000. Nínú ₦300,000 yẹn, ₦20,000 péré ló ṣẹ́ kù fún ẹnì kan ṣoṣo, a kò sì tíì ka ọjọ́ iṣẹ́ tó bá a lọ.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ kan tó ti dàgbà, ìyàtọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì di ₦900,000, owó ọkọ̀ kò sì lé bí ẹrù bá gbà á, yàrá méjì máa gba ₦180,000, ìnáwó ojú ọ̀nà máa di ₦60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦410,000, wọ́n sì jèrè ₦490,000. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó ń dá rìn pé kó dúró sí Èkó, tí mo sì máa ń bá ẹbí ṣírò Kùtọ̀nú dáadáa.

Ẹ tún wo ibi tí ọkọ̀ máa yà sí. Ọkọ̀ tó ń lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù wà ní Èkó àti Accra, ṣùgbọ́n láti Kùtọ̀nú, ẹ ó gba Paris, Brussels, Istanbul tàbí ibòmíràn. Àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo òfin físà kan náà, bí ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù, máa ń béèrè físà ìkọjá ní pápákọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, àfi bí irú físà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré láti Èkó lọ sí Accra: bí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ti àkọ́kọ́ sì pẹ́, ilé iṣẹ́ kejì kò jẹ yín ní gbèsè kankan. Ẹ rántí pẹ̀lú pé aago Gánà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo kàlẹ́ńdà ìdìbò. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, wọ́n ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ Nàìjíríà pa nítorí ìdìbò ààrẹ. Ẹ wá béèrè iye tí wọ́n máa gbà bí ẹ bá ní láti sún ọjọ́ síwájú, kí ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ èrè yín. Bí èrè náà kò bá tó san án, ẹ ra ti Èkó.