Wáàsí Jímọ̀: Ọkàn Olórí, Láti Ìrun Kan sí Òmíràn

Asalaamu alaikum waramọtulaahi wabarakaatuhu. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Oróki, ará Òṣogbo.

Ẹ má rò pé gómìnà àti Àtáọ́ja nìkan là ń bá wí bí a bá pe olórí. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nínú hádíìsì tó wà nínú ìwé Bukhari àti ìwé Muslim pé darandaran ni gbogbo yín, a ó sì bi kálukú léèrè agbo tó ń dà. Ìyá tó ń parí ìjà ìsọ̀ ní Ọjà Ọba wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wà nínú rẹ̀, alága àsàlátù tí owó ìdájọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà ńkọ́?

Ọjọ́ tí ọ̀ràn bá bẹ́ kọ́ ni olórí ń wá ìfọ̀kànbalẹ̀ kiri. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta tó fi ń tún ọkàn ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ ló máa jẹ lọ́jọ́ náà. Ìrun márùn-ún ti bá wa pín ọjọ́, ẹ so ó mọ́ ọn.

Orí ibùsùn ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Hádíìsì sọ pé Ṣàìtáánì a máa ta kókó mẹ́ta sí ìpàkọ́ ẹni tó sùn, a ní òru ṣì gùn, máa sùn lọ. Bí onítọ̀hún bá jí tó rántí Ọlọ́hun, ọ̀kan tú. Bó bá ṣe àlùwàlá, èkejì tú. Bó bá kírun, ẹ̀kẹta tú, ara rẹ̀ á yá, ọkàn rẹ̀ á dùn. Lóde òní, fóònù abẹ́ ìrọ̀rí lọwọ́ ń kọ́kọ́ kàn. Kí olórí tó bọ́jú, ó ti ka gbogbo èébú tí wọ́n kó sí WhatsApp ẹgbẹ́ lóru, èsì èébú ni yóò sì máa tò lọ́kàn títí di Àìlà, ìrun ọ̀sán. Ẹ gbé fóònù sùn sí yàrá kejì.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹ má tíì dìde. Anas, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábà (ọmọlẹ́yìn Ànábì), sọ pé òun máa ń gbọ́ àdúà kan lẹ́nu Ànábì lọ́pọ̀ ìgbà, *Allahumma inni a'udhu bika minal-hammi wal-hazan*, títí dé òpin. Nǹkan mẹ́jọ ló fi ń sá di Ọlọ́hun: àníyàn, ìbànújẹ́, àìlágbára, ọ̀lẹ, ahun, ojo, ẹrù gbèsè, àti kí ènìyàn máa jẹ gàba lé ni lórí. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Àṣìṣe ibẹ̀ ni ká kà á wuuruwu bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ já sílẹ̀. Ẹ dúró lórí èyí tó ń mú yín lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì pè é lórúkọ: "Ojo ni tòní. Ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún akápò pé ìwé owó kò pé." Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tí ẹ kò gbọdọ̀ sùn láìṣe sí bébà. Ẹni tó bá kọ méje, kò ní ṣe ìkankan.

Ìbínú ló ń tú ọ̀pọ̀ olórí fó. Ẹ wo ìpàdé àdúgbò lẹ́yìn Alásàrí, ìrun ìrọ̀lẹ́. Ẹnìkan nàró, ó ní, "Alága, owó tiransifọ́mà dà?" Etí alága gbóná, ó fò dìde, ó ń na ìka. Ànábì ní kí ẹni tó bínú lórí ìdúró jókòó, bí kò bá lọ, kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹni tó dúró ti múra ìjà tán, ẹni tó jókòó kò súnmọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà: ẹ wá ìṣọ́ra Ọlọ́hun lọ́wọ́ Ṣàìtáánì, ẹ jókòó, ẹ pa ẹnu mọ́ títí èémí á fi rọlẹ̀, kí ẹ tó ṣí ìwé owó. Ìbéèrè owó kì í ṣe èébú, ìwé ló ń dá a lóhùn, ariwo kọ́. Ànábì tún kọ̀ fún adájọ́ láti dá ẹjọ́ nínú ìbínú, èyí tó túmọ̀ sí pé olórí tínú ń bí kò gbọdọ̀ lé ọmọ iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ẹ gbà á sílẹ̀ bí kò bá ṣeé mú mọ́ra, kí ẹ tún un gbọ́ lẹ́yìn ìrun tó kàn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa pa á rẹ́.

Bí àwọn tí ẹ ń darí kò bá wá dá yín lóhùn ńkọ́? Ní Hudaybiyyah, lẹ́bàá Mẹ́kà, ọdún 6 Híjírà, Ànábì ní kí àwọn Sàhábà dìde, kí wọ́n pa ẹran wọn, kí wọ́n fárí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnìkan kò mira. Kò pariwo ẹ̀kẹrin. Ó wọlé tọ Umm Salama, ìyàwó rẹ̀, ìyẹn sì ní kó jáde, kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kó pa ẹran tirẹ̀, kó pe onífárí. Nígbà tí wọ́n rí i, gbogbo wọn dìde. Alága tó ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́ta pe ènìyàn sí gọ́tà kíkó láìrẹ́ni, kó gbé ṣọ́bìrì jáde.

Ìmọ̀ràn náà ní ewu tirẹ̀. Àwọn Sàhábà tó pọ̀ ló ní kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá ní ogun Uhud, àdánù ló já sí. Síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni áyà 159 nínú Súrà Ál-Ìmúrána sọ̀ kalẹ̀, pé kí Ànábì máa bá wọn gbìmọ̀, bó bá sì ti pinnu, kó gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tó pinnu tán tó tún ń pe ẹni tuntun lóru lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìbẹ̀rù ló ń bá gbìmọ̀.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọláìyá tó fún ìtọrọ àforíjìn. Ànábì ń ṣe é ju ìgbà 70 lọ lójúmọ́.

Lẹ́yìn Ìṣáì, ìrun alẹ́, ẹ ṣírò ọjọ́ náà: ta ni mo ṣẹ̀, kí ló kù? Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Bó bá ti di "ká ní mo ti ṣe báyìí ni", ẹ dá a dúró, hádíìsì inú ìwé Muslim sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ Ṣàìtáánì. Bẹ́ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ ni pé ìṣirò máa ń bí iṣẹ́ fún ọ̀la. Bó bá jẹ́ ti akápò ni, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ó pè é ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ìpàdé tó dé. Kí ẹ wá ṣe àlùwàlá, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, kí fóònù wà ní yàrá kejì.